Ọmọ mi fẹ́ Accounting, ó tún fẹ́ kọ̀ǹpútà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́. Ọmọbìnrin mi ń wọ SS1 n'Íbàdàn. Òun ló ń bá mi kọ ìwé gbèsè àwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ilé ìwé ní kó lọ sí Commercial, pé Data Processing, ẹ̀kọ́ nípa fífi kọ̀ǹpútà ṣètò ìsọfúnni, wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, torí JAMB ń béèrè Physics lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ ka Computer Science ní yunifásítì. Ṣé ilé ìwé lè gbà kó ṣe Physics pọ̀ mọ́ Accounting? Àbí kó lọ sí Science, kó máa kọ́ Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, nígbà ọlidé? Fóònù mi nìkan la ní. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ọmọ rẹ̀ ti gba ọ̀nà yìí rí?