Ẹ̀yin tí òòfà ti bá ṣe agídí rí, ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Akọ̀ka:
Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mò ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, ọ̀gá mi fún mi ní irin kan tí wọ́n ń pè ní gadolinium, kò ju èékánná lọ. Wọ́n ní kí n fi òòfà kékeré kan gbé e. Mo gbé e tì. Ọ̀sán gangan ni, iná ti lọ, òógùn bò mí, mo sì ti ń rò ó nínú ara mi pé ẹni tó tà á fún wọn ti lù wọ́n ní jìbìtì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n lọ ra píọ́ wọ́tà tó dì lẹ́nu géètì. A fi irin náà sínú omi yìnyín, mo nù ún, mo tún fi òòfà kàn án: pà! Ó lẹ̀ mọ́ ọn. Kò pẹ́ tí ooru Èkó fi tún mú un, ló bá já bọ́ sórí tábìlì.

Bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 20 dígírì, àwọn òòfà wínníwínní inú gadolinium á tú ká, kálukú á kọjú síbi tó wù ú. Níbi tí òtútù ti ń mú, ó lè lẹ̀ tọ̀sán tòru. Lọ́dọ̀ tiwa, àfi ká máa ra yìnyín fún un.

Bọ̀dá Onísípíkà, Ìdúmọ̀tà:
Èmi ò kàwé débẹ̀ o, sípíkà ni mò ń tún ṣe. Lọ́jọ́ kan tí ọjà kú, mo to òòfà róbótó méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí pátákó. Wọn ò rẹ́ àfi ìgbà tí mo da ọ̀kan dé. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n, mo wá mú ìkẹta wá kí wọ́n lè dà bí ààrò. Wàhálà dé! Bí mo dà á dé, ó bá ọ̀kan rẹ́, ó ń ti èkejì. Mo yí i pa dà, ìjà kàn ṣí lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ti ń bá a rẹ́ tẹ́lẹ̀. Àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Tèmi dà á nù.

Ìyá Ìbejì:
Háà! Bí àwọn ọmọ mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá wá kí wa.

Ọmọ Akọ̀ka:
Bọ̀dá, onímọ̀ físíìsì kan tó ń jẹ́ Wannier ti ṣírò eré yín yẹn lọ́dún 1950. Bí irú ààrò bẹ́ẹ̀ bá tò lọ salalu, òtútù tó le jù lọ pàápàá ò lè parí ìjà wọn. Nínú irin tèmi, àwọn òòfà náà kì í tiẹ̀ fara kan ara wọn. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń sáré kiri inú irin ló ń ṣe alárinà, ọ̀rọ̀ wọn sì ń yí pa dà bí ọ̀nà bá ṣe jìn sí: fún ẹni tó wà nítòsí, “kọjú síbi tí mo kọjú sí”, fún ẹni tó jìn díẹ̀ sí i, “kẹ̀yìn sí mi”.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni CePdAl, àdàpọ̀ irin mẹ́ta: cerium, palladium àti aluminium. Bí òtútù bá dé 2.7 kelvin, ìyẹn nǹkan bí -270 dígírì, ìdá méjì nínú mẹ́ta òòfà inú rẹ̀ á tò wẹ́rẹ́. Ìdá kan tó kù ò ní bá wọn tò.

Bọ̀dá Onísípíkà, Ìdúmọ̀tà:
Àbúrò, ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn. Mo yọ ìkẹta kúrò láàárín wọn, òun ni mo fi ń ṣa ìṣó tó bá bọ́ sílẹ̀. Àwọn méjì yòókù ṣì wà lórí pátákó, wọn ò bára wọn jà.