Iṣẹ́ wo gan-an ni òfin gbé lé igbákejì gómìnà lọ́wọ́?

ỌmọÀkúrẹ́: Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀fin. Bí gómìnà bá lọ gbàtọ́jú lókè òkun, ṣé igbákejì rẹ̀ á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọwọ́ lùwé ni? Ṣé gómìnà sì lè fúnra rẹ̀ lé e lọ?

Abala193: Ìwé òfin ọdún 1999 ò ka iṣẹ́ kankan sílẹ̀ fún un. Gómìnà ló lè yan iṣẹ́ fún un, ó sì lè gbà á padà. Ìdí nìyẹn tí igbákejì tó bá gómìnà jà fi máa ń jókòó lásán sí ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ipò náà fúnra rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ gómìnà.

Ní ti ìrìn-àjò, lẹ́tà ni kókó. Gómìnà á kọ ọ́ sí Abẹnugan ilé aṣòfin, ìgbà náà ni igbákejì di adelé. Bí ọjọ́ 21 bá kọjá tí lẹ́tà ò dé, ilé lè dìbò sọ ọ́ di adelé; ìbò tó bá ti pọ̀ jù ti tó. Àtúnṣe ọdún 2010 ló mú èyí wá. L'Óǹdó ní December 2023, lẹ́tà ìsinmi gómìnà Akeredolu ló sọ igbákejì rẹ̀, Aiyedatiwa, di adelé. Nígbà tí gómìnà kú ní ọjọ́ 27, wọ́n búra fún Aiyedatiwa gẹ́gẹ́ bíi gómìnà lọ́jọ́ náà gan-an.

ỌmọÀkúrẹ́: Ẹ ṣeun, sà. Yíyọ rẹ̀ ńkọ́? Tó bá sì yí ẹgbẹ́ padà?

ÀgbàLọ́yà: Yíyí ẹgbẹ́ padà ò tó láti yọ ọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ bẹ́ẹ̀ lórí Atiku, igbákejì Ààrẹ, ní 2007.

Abala 188 ni ti yíyọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin á fọwọ́ sí ẹ̀sùn. Abẹnugan á fi lé e lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ 7. Kí ọjọ́ 14 tó pé, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n wádìí rẹ̀. Adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ á wá yan ènìyàn 7 tí kì í ṣe olóṣèlú tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba. Oṣù 3 ni wọ́n ní. Bí wọ́n bá ní kò jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ parí. Bó bá jẹ̀bi, ilé á tún fi ìdá méjì nínú mẹ́ta gba àbọ̀ wọn wọlé.

Iye orí ló máa ń bà á jẹ́. Ilé aṣòfin Ọ̀yọ́ jẹ́ 32, 22 ló yẹ. Àwọn 18 ló yọ gómìnà Ladoja ní January 2006, ilé ẹjọ́ sì dá a padà ní December. Òfin kan náà ló wà fún gómìnà àti igbákejì. L'Óǹdó ní 2020, aṣòfin 14 ló fọwọ́ sí ẹ̀sùn igbákejì gómìnà, Agboola Ajayi, nínú 26; ìyẹn tó fún ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n 18 ló yẹ kó ní kí wọ́n wádìí rẹ̀. Adájọ́ àgbà kọ̀, kò gbé ìgbìmọ̀ kankan kalẹ̀.

Abala193: Ẹ fi kún un pé bí àyè igbákejì bá ṣófo, gómìnà ló ń mú ẹlòmíì wá, ilé aṣòfin á sì fọwọ́ sí i. Kò sí ìbò aráàlú níbẹ̀.