Wọ́n ní bélífù làwọn, wọ́n gbé máṣíìnì mi lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Aránṣọ, Mushin:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. Mo yá 400,000 náírà lọ́wọ́ àwọn ayánilówó kan, irú èyí tí a ń pè ní gbọ́mú-lé-lántà. Àdéhùn wa ni kí n dá 480,000 padà, 20,000 lọ́sẹ̀ kan fún ọ̀sẹ̀ 24. Mo san ti ọ̀sẹ̀ 15, mi ò fi ọjọ́ kan jẹ. Ẹ̀yìn náà ni àbíkẹ́yìn mi dùbúlẹ̀ àìsàn, ọsibítù sì gbá gbogbo owó ọwọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé tí mi ò rí nǹkan san. Mi ò sá fún wọn, mo máa ń gbé fóònù wọn.

Lánàá, ọkùnrin mẹ́ta wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀kan nínú wọn wọ aṣọ ọlọ́pàá. Wọ́n ní bélífù làwọn. Mo ní ìwé dà, wọ́n ní ṣé mi ò rí ọlọ́pàá ni. Aṣọ ẹbí oníbàárà mi wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, apá ọ̀tún ni mo ń tò mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọn ò jẹ́ kí n yọ ọ́. Wọ́n já òwú, wọ́n gbé máṣíìnì, léèsì olówó iyebíye yẹn ń wọ́ nílẹ̀ tẹ̀ lé wọn dé ìdí mọ́tò. Wọ́n tún gbé máṣíìnì tí a fi ń wíìfù etí aṣọ. Èyí kì í ṣe tèmi o, ìyá ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló rà á fún ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní tí 180,000 tó kù kò bá pé lọ́jọ́ Jímọ̀, ọkọ mi làwọn máa wá gbé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Mo jẹ gbèsè, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ṣé bí òfin ṣe wí nìyí?

Káfíńtà Ìdí-Òrò:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ yá owó mìíràn lórí fóònù kíákíá kí ẹ fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ìtìjú ọlọ́pàá kì í ṣe kékeré.

Ìyá Ẹlẹ́ja:
Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á nímọ̀ràn yẹn. Sógúndogójì la fẹ́ sá fún, kì í ṣe kí a tún lọ kó sí òmíràn. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Gbèsè kan di mẹ́rin.

Àǹtí Lọ́yà:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Òṣìṣẹ́ kóòtù ni bélífù, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ ayánilówó. Kó tó lè fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yín, wọ́n gbọ́dọ̀ ti pè yín lẹ́jọ́, kí ìwé ìpẹ̀jọ́ ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, kí adájọ́ ti dá ẹjọ́, kí kóòtù sì ti fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá yín. Níbi tí kò ti sí ìwé yẹn, kò sí bélífù níbẹ̀.

Ti ọlọ́pàá: Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, sọ pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Abala 36 ní wọn ò gbọdọ̀ mú ẹlòmíràn dípò ẹni tí wọ́n ń wá. Kí ọkọ yín sùn dáadáa. Kódà ká ní òun ló ṣe onídùúró yín, kóòtù ni wọ́n máa pè é lọ, kì í ṣe àgọ́.

Wọn ò sì lè ní kóòtù ń fa ẹjọ́ gùn ló mú àwọn ṣe é. Láti 2018 ni kóòtù gbèsè kékeré ti wà ní Èkó, fún owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 lọ, ètò rẹ̀ sì ni kí ẹjọ́ parí láàárín ọjọ́ 60. Ọ̀nà wà, wọ́n kọ̀ láti gba ibẹ̀.

Ẹ dá mi lóhùn lórí kiní kan: ṣé ẹ kọ sọ̀wédowó fún wọn?

Ìyá Aránṣọ, Mushin:
Rárá mà. Àwa obìnrin mẹ́wàá la dúró fún ara wa nínú ìwé.

Àǹtí Lọ́yà:
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo bèèrè torí pé sọ̀wédowó tí báńkì dá padà nítorí pé owó ò sí nínú àkáǹtì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn lọ́tọ̀, ó lè gbéni dé ẹ̀wọ̀n ọdún 2. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ayánilówó ti ń rí ìdí fa ọlọ́pàá wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má fi sọ̀wédowó tí kò lówó nínú ṣe ìdógò o.

Bàbá Kóòtù:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Mo ṣiṣẹ́ ní kóòtù májísíréètì kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi àti àwọn bélífù jọ jáde lọ gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù ní àìmọye ìgbà. A máa ń fi ìwé hàn, a máa ń kọ orúkọ ohun tí a bá gbé sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí a bá gbé e tán, a kì í tà á lójú ẹsẹ̀. Ó kéré tán, ọjọ́ 5 gbọ́dọ̀ kọjá, àfi ohun tó bá lè bàjẹ́. Ẹrù ẹlòmíràn tó bá há síbẹ̀, olóhun lẹ́tọ̀ọ́ láti wá sọ fún kóòtù pé tòun ni. Torí náà, kí ìyá ọmọ yẹn lọ wá rìsíìtì tó fi ra máṣíìnì rẹ̀. Ilé àti ilẹ̀ ńkọ́? Ó dìgbà tí ẹrù ilé ò bá tó gbèsè, tí kóòtù sì yọ̀ǹda, kí ẹnikẹ́ni tó kàn án.

Nígbà àwọn baba wa, ológò ni olówó máa ń rán. Á wọ ilé ẹni tó jẹ gbèsè, á jókòó tì í, á máa pariwo, á máa mú adìyẹ ilé pa jẹ títí wọn á fi wá owó náà. Ibẹ̀ la ti mú un tí a fi ń sọ pé wọ́n dógò ti èèyàn. Ògò ni wọ́n dó ti ọmọ yìí, aṣọ ọlọ́pàá ni wọ́n gbé wọ̀ ọ́. Ó ká mi lára gan-an.

Olùkọ́ Agége:
Ẹ tún yẹ ìwé tí ẹ fọwọ́ sí wò. Tí ẹ bá ti gbà níbẹ̀ pé kí wọ́n máa yọ owó wọn níbikíbi tí BVN yín, nọ́ńbà kan ṣoṣo tó so gbogbo àkáǹtì yín pọ̀, bá wà, wọ́n lè yọ ọ́ nínú àkáǹtì yín ní báńkì mìíràn. Èyí bófin mu, CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, ló gbé e kalẹ̀ ní 2020. Owó ilé-ìwé ọmọ mi ni wọ́n yọ lọ ní tèmi, mi ò sì rí ẹni fẹ̀sùn kàn.

Ìyá Ẹlẹ́ja:
Ìyá Aránṣọ, ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre, ti ìjọba Èkó ni. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n pe àwa méjèèjì jókòó, a sọ iye tí agbára mi ká, a kọ ọ́ sílẹ̀, a fọwọ́ sí i. Ẹ mú ìwé tí wọ́n fi ń sàmì sí owó tí ẹ san dání.

Àǹtí Lọ́yà:
Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ Jímọ̀ tó dé, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Office of the Public Defender, àwọn lọ́yà ìjọba Èkó. Ọ̀fẹ́ ni tiwọn náà. Wọ́n á bá yín kọ̀wé sí àgọ́ yẹn. Ẹ má dá lọ sí àgọ́, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé kankan níbẹ̀.

Ìyá Aránṣọ, Mushin:
Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin ará. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí. Wọn ò wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Nígbà tí ìwé lọ́yà dé ọwọ́ wọn, wọ́n ní kí n wá kó ẹrù mi. Máṣíìnì méjèèjì ti délé, àmọ́ léèsì yẹn ti ya nídìí, mo ń bá oníbàárà mi sọ ọ́. Lánàá la jókòó láti parí ọ̀rọ̀ náà. 10,000 lọ́sẹ̀ kan fún ọ̀sẹ̀ 18 ni wọ́n gbà, láìsí èlé kankan lórí rẹ̀. Mo ti san ti àkọ́kọ́. Ọmọbìnrin tó gba owó náà kàn kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ ni. Ṣé ìyẹn náà tó?

Bàbá Kóòtù:
Kò tó o. Padà lọ lọ́la, gba rìsíìtì tó ní òǹtẹ̀ àti déètì, kí o sì ya fọ́tò rẹ̀ kí o tó kúrò níbẹ̀.