Íńkì flex ń ki láàárọ̀, ó ń kán lọ́sàn-án, kí ni kí n ṣe?

Bọ̀dáFlex_Adó:
Ẹ kú uṣẹ́ o ẹ̀yin ará, Èkìtì kete! Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Adó níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, maṣíìnì tó ń fi íńkì sólfẹ́ńtì (oníkẹ́míkà, kì í ṣe olómi) tẹ àwòrán sórí flex, ìyẹn ọ̀rá bánà, ni mo ń lò, hẹ́ẹ̀dì Konica 512i, ibi tí íńkì ti ń jáde, ló wà lára ẹ̀. Àtìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni mi ò ti lójú oorun. Tí mo bá tan maṣíìnì láàárọ̀ kùtù, búlúù á máa ṣá, láìnì funfun á máa gba àárín àwòrán kọjá. Bánà òkú kan tí mo ń tẹ̀ lọ́wọ́ báyìí, láìnì yẹn gba iwájú orí màmá tó lọ yẹn títí dé etí gèlè, ṣé èyíun ṣeé gbé fún ọmọ olókùú? Tó bá wá di ọ̀sán, tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ké tí yàrá ti gbóná, ọ̀rọ̀ á yí padà, dúdú á máa kán tó tó sórí flex. Ẹni tó ń ta íńkì fún mi ní kí n da tínà díẹ̀ sí i kó lè ṣàn. Ṣé kí n dà á? Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé iṣẹ́ o.

ÌyáPríńtà_Ìkẹ́rẹ́:
Ọmọ mi, má dà á o! Tínà yẹn á mú kó ṣàn lóòótọ́, àmọ́ ó lè má jẹ́ kí àwọ̀ inú íńkì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́, wọ́n á so pọ̀ di kókó wẹ́wẹ́, kókó yẹn ló sì máa lọ dí nozzle, àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí íńkì ń gbà jáde. Àwọn tínà míì tún máa ń jẹ gọ́ọ̀mù inú hẹ́ẹ̀dì. Owó hẹ́ẹ̀dì kan tó íńkì mélòó, ṣírò ẹ̀ fúnra ẹ.

Òtútù ló ń bá ẹ jà láàárọ̀. Íńkì ò kí ń ki bákan náà nígbà gbogbo, bí ó bá ṣe tutù tó ló ṣe ń ki tó. Omi lásán ní 20°C, nǹkan bíi 1 mPa·s ni (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe ki tó nìyẹn), ọ̀pọ̀ hẹ́ẹ̀dì bí irú tiwa yìí ń fẹ́ íńkì tó wà láàárín 8 sí 12 níbi tó ti fẹ́ jáde lẹ́nu nozzle, kì í ṣe nínú ìgò. Íńkì tó bá wà dáadáa ní 40°C lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ki tó ìlọ́po méjì tó bá bọ́ sí 20°C. Òun ni wọ́n ṣe fi hítà sí i! Ṣé o ń tan hítà hẹ́ẹ̀dì, àbí o kàn ń tan maṣíìnì tí o sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ? Gbé e sí 40, dúró fún bí ìdajì wákàtí kí íńkì inú hẹ́ẹ̀dì náà gbóná dé inú, kì í ṣe kí nọ́ńbà ojú skírìnì kàn dé 40 lásán, lẹ́yìn náà tẹ tẹ́ẹ̀sì, ìyẹn àwòrán ìdánwò tó ń fi nozzle tó ń ṣiṣẹ́ hàn. Ìgbà yẹn lo tó lè fọwọ́ kan fóltéèjì, agbára iná tí hẹ́ẹ̀dì fi ń ti íńkì jáde, kó o sì bẹ̀rẹ̀ láti iye tí wọ́n kọ sára hẹ́ẹ̀dì fúnra ẹ̀. Àwọn tó máa ń gbé fóltéèjì sókè láàárọ̀ torí òtútù, àwọn náà ló máa ń pariwo lọ́sàn-án pé íńkì ń fọ́n ká.

Afẹ́fẹ́ Èkìtì lásìkò yìí dà bí omi Ìkọ̀gọ̀sì, gbígbóná àti tútù jọ ń ṣàn pọ̀ ni, torí náà ti fèrèsé, má jẹ́ kí fáànù kọjú sí hẹ́ẹ̀dì.

Téńíkà_Ìjerò:
Mo gbà pẹ̀lú màmá lórí ti àárọ̀. Ti ọ̀sán yẹn ò dá mi lójú pé íńkì ló fúyẹ́ jù. Íńkì tó wà lẹ́nu nozzle, afẹ́fẹ́ tó ń fà á sẹ́yìn díẹ̀ ló ń mú un dúró. Tí fífà yẹn bá dín kù, á kán, ooru kàn ń jẹ́ kó yá ni. Ṣe báyìí: nu ojú hẹ́ẹ̀dì, má tẹ nǹkankan, fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá ń kán fúnra ẹ̀, wo gééjì fákúùmù tó ń fi agbára fífà yẹn hàn, wo tánkì kékeré tó wà lókè yẹn, flóòtù inú ti dúdú (èyí tó ń léfòó, tó ń jẹ́ kí pọ́ǹpù mọ̀ pé íńkì ti kún) lè ti há, kí pọ́ǹpù máa rọ íńkì sí i láìdúró. Tó bá jẹ́ ìgbà tó ń tẹ̀ nìkan ló ń kán, ìgbà yẹn lo lè bá ooru àti fóltéèjì wí.

Nǹkan míì: búlúù tó ń ṣá yẹn, ṣé àtìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń ṣá, àbí ó máa ń dáa ní mítà àkọ́kọ́ kó tó wá máa ṣá bó ṣe ń lọ? Tó bá jẹ́ ti ìkejì, ebi íńkì ló ń pa hẹ́ẹ̀dì, fílítà ti fẹ́ dí. Tó bá jẹ́ ojú kan náà ló ń fò nínú tẹ́ẹ̀sì, nozzle ti dí nìyẹn tàbí afẹ́fẹ́ wọlé.

Tọ́pẹ́_Ìyìn:
Ẹ jọ̀ọ́ ṣé èmi tí mo ń lo príńtà kékeré onítánkì lè fi íńkì flex sí i? Ó pọ̀ nílẹ̀ níbí 😅

Téńíkà_Ìjerò:
Rárá o Tọ́pẹ́! Tìrẹ olómi ni, íńkì ẹ̀ fúyẹ́ ju tiwa lọ dáadáa, sólfẹ́ńtì á jẹ rọ́bà inú ẹ̀. Tó o bá sì gbé tánkì ìta ga ju hẹ́ẹ̀dì lọ, íńkì á kàn máa dà sínú ilé.

Bọ̀dáFlex_Adó:
Ẹ ṣé gan-an ni. Hítà wà ní títàn, mo kì í sì í dúró. Lónìí mo dúró, láìnì yẹn lọ, ojú màmá mọ́ lóló. Búlúù ṣì ń ṣá tí mo bá tẹ gbogbo flex ní àwọ̀ kan ṣoṣo, àmọ́ ìparí nìkan. Dúdú kán láìtẹ nǹkankan, bí Téńíkà ṣe sọ.

Téńíkà_Ìjerò:
Fílítà búlúù, flóòtù dúdú. Pààrọ̀ ti àkọ́kọ́, ṣí ti ìkejì fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi ìfọ̀ tó bá íńkì yẹn wá, kì í ṣe kẹrosíìnì.

ÌyáPríńtà_Ìkẹ́rẹ́:
Kó o tó ra íńkì míì lọ́wọ́ ẹni tínà yẹn, gba sírínjì méjì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kan náà, yọ igi inú wọn, rọ íńkì tuntun sí ọ̀kan, ti inú tánkì sí èkejì, kí àwọn méjèèjì wà nínú yàrá kan náà mọ́jú kí ooru wọn dọ́gba, kó o fi fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń ṣàn tán. Tí ti inú tánkì bá pẹ́ gan-an ju tuntun lọ, sólfẹ́ńtì ti fẹ́ lọ lára ẹ̀, ọmọrí tánkì ò dé dáadáa nìyẹn. Tí tuntun ló sì ń pẹ́, dá a padà fún un. Kó o sì máa gbọn ìgò kó o tó dà á o, íńkì funfun ló burú jù, á sùn sísàlẹ̀ tó bá wà lójú kan.