Ìwé ìṣíjú kẹ̀? Ìṣítí ni, ẹ̀gbọ́n

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Chicago, ẹ kú ìkójọ. Mo rí fọ́tò àwọn ìwé àlẹ̀mógiri àtijọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́, àwọn tí ilé-iṣẹ́ Mather gbé jáde ní ìlú yín níbẹ̀ láàrin 1923 sí 1929, tí àwọn ọ̀gá ń rà sára ògiri ibi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ gàdàgbà, àwòrán aláràbarà, ìmọ̀ràn ṣókí. Wọ́n wù mí. Orúkọ tí ẹ sọ wọ́n ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ ní "ìwé ìṣíjú" ni, kì í ṣe "ìwé ìṣítí" tí èmi ń pè wọ́n, pé bébà kì í sọ̀rọ̀, ojú la fi ń wò ó, nítorí náà "etí" tó wà nínú "ìṣítí" kò bá a mu.

Ta ló sọ fún yín pé gbígbọ́ Yorùbá kò ju ariwo lọ? Imú ló ń gbọ́ òórùn. Ẹ̀yin náà lẹ sì kọ ọ́ pé wọ́n ń pààrọ̀ ìwé Mather lóòrèkóòrè kó má baà sú òṣìṣẹ́. Bó bá sú wọn, kí ni wọn ì bá ṣe sí i? Wọn ì bá kọtí ikún sí i ni. Ẹ jọ̀ọ́, ojú ikún dà níbẹ̀?

Ẹ tún wo "ṣí" fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ṣíjú, ojú ara rẹ̀ ló ṣí. "Ṣí i létí" ni kò lè dúró láìsí ẹnìkejì. Ọ̀gá tó fowó ra ìwé Mather kò wá ẹwà fún ògiri. Apẹ́lẹ́yìn ló ń bá wí, àti olófòófó, àti ẹni tó ń fi ohun èlò ṣòfò, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí "ìwé ìwúrí" tí àwọn kan dá lábàá náà kò fi wọ̀ mí létí. Orí ta ló ń wú nígbà tí wọ́n ń sọ fún un pé ó pẹ́ dé?

Tísà ni bàbá mi, kì í pariwo. Bí kíláàsì bá ti ń hó, yóò mú ṣọ́ọ̀kì, yóò kọ ọ́ sójú pátákó pé "Ọwọ́ tó dilẹ̀ lèṣù ń bẹ̀ níṣẹ́", yóò sì jókòó. Kò lanu rárá. Lọ́jọ́ kejì, bí ẹ bá tún ṣe é, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni, "Ṣebí mo ti ṣí yín létí lánàá?" Bàbá mi kò kàwé dé ibi tí ẹ kà á dé, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá.

Ẹ sì gbìyànjú kí ẹ kọ "isiju" láìfàmì sí i. Ìṣẹ́jú ni ọmọ ìsìnyí máa kà.

Bí ẹ bá ti fi gíláàsì bò wọ́n, tí ẹ gbé wọn kọ́ sí pálọ̀, tí kò sí apẹ́lẹ́yìn kankan níwájú wọn mọ́, ẹ pè wọ́n ní ìṣíjú níbẹ̀, mi ò ní jà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ "alẹ̀mógiri", mi ò tíì gbàgbé yín. Ẹni tó gbé àkàbà àti gọ́ọ̀mù dání ni alẹ̀mógiri. Bébà ni àlẹ̀mógiri, bí a ti ń sọ pé àkọsílẹ̀. Àmì ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ ní fóònù yín ò ní i. Fóònù mi ní i.