Olùdíje ní Ìkòròdú ní òun ṣe ṣọ́jà fún ọdún 12: báwo la ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò?

Ọmọ_Ẹ̀búté:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Olùdíje kan sí Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti lẹ pósítà káàkiri láti Gáréèjì dé Ẹ̀búté. Ohun tó wà lára rẹ̀ ni pé sájẹ́ǹtì tó fẹ̀yìn tì ni òun, pé òun lo ọdún 12, 1988 sí 2000, òun sì jagun ní Làìbéríà ní 1989. Nínú ohun tí INEC lẹ síta nípa rẹ̀, ìwé mẹ́fà nìkan ló kà, iṣẹ́ ológun ló fi tì í lẹ́yìn. Ẹnì kan ní ká kàn lọ béèrè ní bárékè Odogunyàn. Ṣé ibẹ̀ ni? Bí irọ́ bá sì wà ńbẹ̀, kí ni òfin lè ṣe?

ÌwéLẸ̀rí:
Odogunyàn kọ́. Battalion 174 ló wà níbẹ̀, wọn kì í tọ́jú fáìlì ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Fáìlì àwọn ṣọ́jà wà ní Army Records ní Lọ́kọ́jà. Ti àwọn ọ́físà wà lọ́dọ̀ Military Secretary ní Àbújá. Sájẹ́ǹtì kì í ṣe ọ́físà, Lọ́kọ́jà ni tiyín.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì kọ lẹ́tà síbẹ̀. INEC ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Abala 29 nínú Òfin Ìdìbò 2022 gba ẹnikẹ́ni láàyè láti béèrè ẹ̀dà ìwé olùdíje, tí INEC fọwọ́ sí. Ẹ ó san owó tí wọ́n bá dá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fún yín láàárín ọjọ́ 14. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni pé wọ́n á kọ "fọ́ọ̀mù EC9" (èyí tí olùdíje fi ń sọ nípa ara rẹ̀ fún INEC) nìkan sínú lẹ́tà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n á ṣe rí EC9 nìkan gbà, láìsí ìwé discharge, ìwé tí Army ń fún ṣọ́jà tó bá kúrò, tí wọ́n torí ẹ̀ lọ. Ẹ kọ ọ́ pé "EC9, ìwé ìbúra, àti gbogbo ìwé tí a so mọ́ ọn". Kí wọ́n lu sítáǹbù àti déètì sára ẹ̀dà lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ yín, nítorí láti ọjọ́ yẹn lẹ ó ti máa ka 14.

Baba_Àgbọ̀wá:
Tí ẹ bá ti rí ìwé discharge yẹn, ojú nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Nọ́ńbà ṣọ́jà ìgbà tiẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún tí wọ́n gbà á wọlé: ẹni tó wọlé ní 1988, 88NA ni tiẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn nọ́ńbà yòókù. Ti ọ́físà, N/ ni, kò ní ọdún lára. Tí ẹ bá rí 93NA lára ìwé ẹni tó ní òun wọlé ní 1988, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Tó bá sì jẹ́ N/ lẹ rí, ẹ bi í léèrè bí sájẹ́ǹtì ṣe ní nọ́ńbà ọ́físà.

Ti Làìbéríà yẹn, ogun ọ̀hún ò tíì bẹ̀rẹ̀ títí di ìparí oṣù kejìlá 1989, oṣù kẹjọ 1990 ni ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOWAS, tó wọ Monrovia. Àmọ́ ẹ má gbé ìyẹn lọ sílé ẹjọ́ o. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó tẹ pósítà ló ṣe é. Kí ènìyàn sì jẹ́ sájẹ́ǹtì lẹ́yìn ọdún 12, kò ya èmi lẹ́nu.

Ẹ wo ìdí tó fi kúrò pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ pé wọ́n lé e ni, kò lè díje.

Lọ́yà_Ìgbógbó:
Ẹ ṣeun Baba, àmọ́ ti ìgbẹ̀yìn yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Lílé nìkan kò sí lára ohun tí abala 107 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè (Constitution) 1999 kà sílẹ̀ pé kò ní jẹ́ kéèyàn díje. Lára ohun tó wà níbẹ̀ ni ìdálẹ́bi lórí ẹ̀sùn àìṣòótọ́ láàárín ọdún 10 ṣáájú ìdìbò, àti fífún INEC ní ayédèrú ìwé ẹ̀rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí gbóná sí gan-an ni abala 318 nínú Ìwé Òfin kan náà. Òfin ò ní kí olùdíje ti ṣe ṣọ́jà rí, ṣùgbọ́n ó ní kó kàwé dé ìwọ̀n ìwé mẹ́wàá. Ẹni tó ní ìwé mẹ́fà nìkan lè fi ohun mẹ́ta dí àlàfo náà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: ọdún 10 ó kéré tán lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí àpapọ̀ rẹ̀ pé ọdún kan, àti pé kó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó lè kà á kó sì lè kọ ọ́ dé ibi tó tẹ́ INEC lọ́rùn. Ẹ wá padà sí 93NA tí Baba sọ. 1993 sí 2000 jẹ́ ọdún 7. Ọdún 5 tó fi kún un nìyẹn ló gbé e sọdá 10. Ẹ ka ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ náà. Tó bá gba NAFRC Òṣòdì (ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ṣọ́jà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì níṣẹ́) kọjá kó tó fẹ̀yìn tì, oṣù 6 nìyẹn. Níbo ni oṣù 6 yòókù wà?

Ní ti ẹjọ́, Òfin Ìdìbò 2010 gba ẹnikẹ́ni láàyè láti pè é. Ti 2022 ti dín in kù: ẹni tó bá a du tíkẹ́ẹ̀tì nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà nìkan ló lè lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀. Ọjọ́ 14 péré ló ní láti pè é. Ẹ ò rí i pé ẹ̀dà INEC nìkan lè jẹ gbogbo ọjọ́ yẹn tán. Bí ẹ bá mọ ẹni tó bá a du tíkẹ́ẹ̀tì, òun ni kẹ́ ẹ wá lónìí.

Ọmọ_Ẹ̀búté:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Tí Army bá wá ní àwọn ò rí nǹkan kan ńkọ́? Ṣé irọ́ ti hàn nìyẹn?

ÌwéLẸ̀rí:
Rárá o. Ẹ rántí oṣù kìíní 2015. Agbẹnusọ Army ní ìwé ẹ̀rí WASC (ìwé mẹ́wàá) Buhari kò sí nínú fáìlì rẹ̀, kì í ṣe ojúlówó, kì í ṣe ẹ̀dà. Síbẹ̀ àkọsílẹ̀ èsì ìdánwò náà wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ lẹ́yìn tó di ọ́físà. Ilé ìwé rẹ̀ ní Katsina ló wá gbé èsì náà jáde. "Kò sí nínú fáìlì" yàtọ̀ sí "kò ní in".

Tí ẹ bá fẹ́ kọ sí Lọ́kọ́jà, Òfin FOI 2011, èyí tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tó wà lọ́wọ́ ìjọba, fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dáhùn, wọ́n lè fi 7 kún un. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti lọ sí kóòtù. Ẹ má béèrè fún fáìlì rẹ̀ lódindi, abala 14 dáàbò bo fáìlì òṣìṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n á sì sá sí. Ohun mẹ́rin péré ni kẹ́ ẹ béèrè: ṣé nọ́ńbà yìí jẹ́ tiẹ̀, ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde, ipò tó wà nígbà tó jáde. Èyí tó yá jù ni kí olùdíje fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí lẹ́tà pé kí Army fún yín ní mẹ́rin yìí, nítorí abala 14 náà ló ní tí onífáìlì bá ti gbà, kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ẹ tẹ lẹ́tà náà sílẹ̀, ojú ìwé kan, kí ẹ gbé e fún un ní ìpàdé tó ń pe àwọn aráàlú sí. Ẹ mú bíró dání.