Ta ló ń kọ́ni ní ìtọ́jú ààfin àtijọ́ àti igbó òrìṣà?

Àbúrò Onítàn béèrè:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ìmọ̀ ìtàn ni mo kà ní yunifásítì. Nígbà tí mo ń ṣe àgùnbánirọ̀, músíọ̀mù kékeré kan ni wọ́n fi mí sí. Kí n nu eruku ara ère, kí n kọ orúkọ àlejò sínú ìwé, iṣẹ́ mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó wọ̀ mí lára. Ní báyìí, mo fẹ́ mọ bí a ṣe ń tọ́jú ààfin, odi ìlú àti igbó òrìṣà. Ṣé kí n lọ ṣe másítà ni, àbí ibòmíràn wà? Bàbá mi ní ta ló ń sanwó fún ẹni tó ń ṣọ́ ògiri amọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọmọ Mọlémọlé fèsì:
Àbúrò, kò sẹ́ni tó máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti lo ọdún 19 nídìí iṣẹ́ yìí.

Ilé-ẹ̀kọ́ wà. Láti 1963 ni UNESCO ti bá wa dá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ òṣìṣẹ́ músíọ̀mù sílẹ̀ ní Jos. EPA, ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni ní ìtọ́jú ogún ìbílẹ̀ Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ ní Porto-Novo ní 1998, fún àwọn tó ń sọ Faransé pàápàá. Ti àwa tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, Mombasa ní Kenya ni wọ́n dá a sílẹ̀ sí. Ètò AFRICA 2009, tó parí lọ́dún tó wà nínú orúkọ rẹ̀, ló wá gbájú mọ́ ilé àti ilẹ̀ gan-an, kì í ṣe ère inú gíláàsì nìkan.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ti ògiri kan fún ọ. Ààfin alámọ̀ ni. Ọ́fíìsì kan gbé iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ jáde, onímásítà ló bójú tó o. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n kùn ún ní funfun, gbogbo wa ya fọ́tò níwájú rẹ̀ (èmi náà wà níbẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín). Lẹ́yìn òjò ọdún méjì, mo fi ìka lu ògiri náà, ó dún gbóun bí akèrègbè òfìfo. Mo fi ọ̀bẹ ká etí sìmẹ́ńtì náà, abala kan tó tó ilẹ̀kùn sì ya wálẹ̀. Amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Omi tó ń gun ògiri láti ìpìlẹ̀ ti máa ń rí ibi gbà jáde tẹ́lẹ̀. Sìmẹ́ńtì ló dí i mọ́bẹ̀.

Bàbá kan tí kò mọ̀wé ló gbà wá. Ó bu amọ̀, ó lọ́ ọ bí okùn, ó wá rọra ń tì í kọjá etí tábìlì títí ó fi já. Ó wo ibi tó já, ó ní iyanrìn rẹ̀ pọ̀ jù, ká lọ gbẹ́ ibòmíràn. Wọ́n kọ́ mi ní ìdánwò yẹn ní kíláàsì, pẹ̀lú rúlà. Bàbá ò lo rúlà.

Torí náà, wá mọlémọlé àgbà kan kó o tó ra fọ́ọ̀mù másítà.

Àǹtí Ẹ̀bá-Odò fèsì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tan ọmọ yìí. Amọ̀ nìkan kọ́ ni iṣẹ́ náà. Igbó Ọ̀ṣun tó wọ àkọsílẹ̀ UNESCO ní 2005, hẹ́kítà 75 ni. Irin ń dípẹtà nínú ère tí Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ mọ síbẹ̀. Mọlémọlé wo ló fẹ́ wo ìyẹn sàn? Àwọn ìyá olórìṣà ńkọ́, tí wọ́n ní ibi tí àlejò ò gbọdọ̀ dé? Ẹni tí ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń bá wọn jókòó, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún rántí Kasubi ní Uganda, ibojì àwọn ọba Buganda. Àwọn tó mọ koríko bò lórí ilé wà níbẹ̀ dáadáa. Iná jó o ní March 2010, ó sì di 2023 kó tó kúrò lára àwọn ibi tí UNESCO ní ó wà nínú ewu. Ètò iná, ìwé ìṣirò owó, ìpàdé: kíláàsì la ti ń kọ́ wọn.

Ọmọ Mọlémọlé fèsì:
Mo gbà fún yín lórí ti iná. Ti másítà, n ó ṣì rò ó.

Àbúrò Onítàn fèsì:
Ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀gbọ́n, ṣé bàbá yẹn ṣì ń gba ọmọṣẹ́?

Ọmọ Mọlémọlé fèsì:
Bàbá ti sùn. Ọ̀kadà ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń gùn. Ẹnì kan ló kù tó bá a tẹ amọ̀, òun náà ti ń lo ọ̀pá. Fi nọ́ńbà rẹ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, àmọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni kó o wá. Tí òjò bá ti dé, a ò ní mọ nǹkan kan.